Gírámà Gideon àti Ajílẹ̀ Òsí

Bí ẹ bá dé Òsí tí ẹ ń bèèrè Gideon Ògúndípẹ̀, wọ́n lè má tètè mọ ẹni tí ẹ ń wí. Ẹ bèèrè Bàbá Onígírámà. Ọmọ tí kò tíì mọ orúkọ bàbá tirẹ̀ á nawọ́ síbi ilé náà. Gideon Asọ̀yìnbó-bí-ẹni-ń-jẹṣu-gbígbóná, Abáyà-sọ̀rọ̀-káyà-wá-ògbufọ̀, ọkùnrin tí yóò kí ọ ní ẹ káàárọ̀ tí wàá fi bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tí o ṣe fún un.

Kì í ṣe pé Gideon kàwé títí. Ìwé mẹ́fà ló kà, ó sì ṣe mẹ́séńjà ní ọ́fíìsì kan ní Ìlọrin títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ní gbogbo ọdún tó fi ń gbé fáìlì láti orí tábìlì kan dé orí òmíràn, ohun kan ṣoṣo ló rí tó wù ú: bí ọ̀gá bá ti sọ ọ̀rọ̀ kan tó gùn, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á dákẹ́. Gideon gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ọlá. Kò bi ara rẹ̀ léèrè rí bóyá ọ̀rọ̀ náà ni kò yé wọn.

Nígbà tó padà sílé tó di àgbẹ̀ oníṣu díẹ̀ àti àgbàdo díẹ̀, Favour ọmọ rẹ̀ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ra fóònù fún un, ó sì bá a fi olùkọ́ kan sínú rẹ̀. Àràárọ̀ ni obìnrin inú fóònù yìí ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá. Á kọ́kọ́ pe ọ̀rọ̀ náà, á sọ ìtumọ̀ rẹ̀, á sì fi í sínú gbólóhùn kan kí ẹni tó ń gbọ́ lè mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹ̀kọ́ náà dára. Akẹ́kọ̀ọ́ ni kò dára. Bí obìnrin náà bá ti sọ ìtumọ̀ dé ìdajì, Gideon ti gbà pé ó yé òun. Á ti wọ bàtà, á ti jáde, á máa wá ẹni tí yóò sọ ọ̀rọ̀ náà lù bí òkò.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Ti Gideon kì í ṣe ẹyin kan. Odidi kíréètì ẹyin ló gbé lérí, ó sì ń sáré.

Ọmọ́bọ́lá, aya rẹ̀, ló kọ́kọ́ jìyà ọ̀rọ̀ náà. Lọ́jọ́ kan, Gideon jẹun tán, ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ "perambulate" díẹ̀. Rírìn gbẹ̀fẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń wí. "Pẹran" ni ohun tí Ọmọ́bọ́lá gbọ́ nínú rẹ̀.

"Ẹran wo lẹ fẹ́ pa, Bàbá Favour?" ló bèèrè. "Ewúrẹ́ kan ṣoṣo la ní, ó sì lóyún."

Èyí tó ṣe pẹ̀lú Àlàbá ọlọ́kadà tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àlàbá ń gbé e lọ sí Èrúkù, ó sì ń sọ̀rọ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ, nítorí Àlàbá kì í gbé èrò ní ìdákẹ́jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà sú Gideon. Ó fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní "loquacious" ni Àlàbá. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n "lọ kú" ni Àlàbá gbọ́, ìyókù sì bá atẹ́gùn lọ. Ó dúró, ó pa ọ̀kadà, ó ní kí Bàbá sọ̀ kalẹ̀, pé òun kò ní gbé ẹni tó ń ṣépè fún òun lẹ́yìn òun. Ẹsẹ̀ ni Gideon fi rin ìyókù ọ̀nà nínú oòrùn, ó sì ń tu ara rẹ̀ nínú pé wòlíì kì í níyì nílùú ara rẹ̀.

Ẹ̀rín ni gbogbo èyí jẹ́ fún ará ìlú, títí ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ fi dé.

Ìjọba fi ajílẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn àgbẹ̀ Òsí nígbà tí àgbàdo ọdún náà ń yọ lọ́wọ́. Gbogbo ìlú ló rí ọkọ̀ tó já a sínú sítọ́ọ̀ ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn láti pín in, ìwọ̀nba àpò díẹ̀ ló kù nílẹ̀, eku sì ń sáré kiri níbi tí ìyókù wà tẹ́lẹ̀. Prosper, ọ̀dọ́kùnrin tí kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ní bí òun náà ṣe bá a nìyẹn. Òjò ń kọjá lọ. Ewé àgbàdo ń pọ́n bí ojú ẹni tí ibà ń bá jà. Bọ́sẹ̀dé, opó kan tí oko àgbàdo rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ìlọfà, ti fi gbogbo ìrètí ọdún náà sórí ajílẹ̀ yìí. Orí àgbàdo yẹn ni oúnjẹ àti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ wà. Òun ló kó àwọn obìnrin jọ, tí wọ́n wọkọ̀ lọ fẹjọ́ sùn ní Ìlọrin. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba níbẹ̀ ní kí wọ́n máa lọ sílé, pé àwọn olùwádìí yóò wá.

Àsìkò kan náà ni alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀ fi ipò sílẹ̀ nítorí àìlera, wọ́n sì fẹ́ yan òmíràn. Gideon ti ń wo àga náà bí ológbò ṣe ń wo ẹja lórí àtẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kò ju kí ó máa ka ìwé tó bá ti Ìlọrin wá lọ, ṣùgbọ́n ó ti fi yé gbogbo ayé pé bí òun bá sín, ẹgbẹ́ ló ń gbọ̀n.

Nínú ìpàdé tí wọ́n ṣe kí àwọn olùwádìí tó dé, Bọ́sẹ̀dé ní òun fẹ́ sọ ohun tí ojú òun rí fún àwọn àlejò. Gideon rẹ́rìn-ín ẹni tó mọ ohun tí ayé kò mọ̀.

"Ìyá Fikáyọ̀," ló wí, "Yorùbá lẹ fẹ́ fi bá ìjọba sọ̀rọ̀? Ẹ fẹ́ kí wọ́n máa wò wá bí ará oko? Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún mi. Gẹ̀ẹ́sì tí mo máa sọ fún wọn, ọkọ̀ méjì ni wọ́n á fi gbé ajílẹ̀ wá dípò ọ̀kan."

Prosper ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn, pé kí ẹnikẹ́ni má lanu lọ́jọ́ náà bí kò ṣe Bàbá, kí ọ̀rọ̀ Òsí má baà dà bí ti ilé Bábélì. Ó tún ní bí Bàbá bá ti sọ ọ́ tán, ta ni wọ́n tún ń wá kiri fún alága? Inú Gideon dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ronú ohun tó mú kí ọmọkùnrin yìí fẹ́ràn kí gbogbo ìlú pa ẹnu mọ́. Àwọn àgbẹ̀ gbà, torí ojú wọn ti wà lára ọkọ̀ méjì. Bọ́sẹ̀dé nìkan ni kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, tí kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Nígbà tó ku ọ̀la, fóònù gbé ọ̀rọ̀ kan jáde: "clandestine". Gideon kò dúró gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ rárá. Ó tú u fúnra rẹ̀. "Clan" ni ìdílé, "destiny" ni àyànmọ́. Ó dájú nígbà náà pé ọ̀rọ̀ yìí ń sọ nípa kí ìdílé kọ̀ọ̀kan gba ìpín tí Ọlọ́run yàn fún un. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ gan-an ni ohun tí wọ́n ṣe ní bòókẹ́lẹ́, bí olè ṣe ń ṣe é.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìwádìí, ó wọ kóòtù dúdú tó fi sin ìyá rẹ̀, ó so táì pupa mọ́ ọn, ó jókòó ti fóònù. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni "culpable". Obìnrin inú fóònù ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tó yẹ kó dáhùn fún ohun kan. Gideon ti dìde. Kí ló tún kù? Ta ló yẹ kó máa dáhùn fún ohun gbogbo ní Òsí bí kò ṣe òun? Ohun tó kù ni "tó burú, tàbí tó lòdì sí òfin". Ògiri nìkan ló gbọ́ ìyẹn.

Gbọ̀ngán ìlú kún dé ẹnu ọ̀nà. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Saadat ni olórí àwọn olùwádìí náà. Kò tíì dàgbà púpọ̀, ó fi ìbòrí funfun bo orí, ojú rẹ̀ sì tutù. Akọ̀wé rẹ̀ jókòó ti í, ọlọ́pàá méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó fi Yorùbá kí ìlú, ohùn Ìlọrin wà lẹ́nu rẹ̀ dáadáa, ó ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ fi èdè tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn sọ ọ́. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí Gideon fi dìde. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ló rọ òun lọ́rùn, ó sì tú táì ọrùn rẹ̀ díẹ̀.

Saadat wá fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé kí ló mọ̀ nípa àpò ajílẹ̀ tó sọnù. Gideon wúkọ́, ó gbé ọwọ́ kan sẹ́yìn bí àwọn ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́.

"In this matter, Madam," ló wí, "I am solely culpable."

Ohun tó sọ ni pé nínú ọ̀ràn yìí, òun nìkan ni ọ̀daràn. Gbọ̀ngán pàtẹ́wọ́. Prosper pa tirẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n.

Saadat gbé ojú sókè kúrò lórí ìwé. Ó rọra bi Bàbá bóyá ó mọ ohun tó ń sọ. Gideon ní òun ti mọ̀ ọ́n láti àárọ̀. Obìnrin náà bi í bí wọ́n ṣe máa ń kó ajílẹ̀ jáde ní sítọ́ọ̀. Gideon ní níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà níbẹ̀, "clandestine" ni, ní gbogbo ìgbà. Akọ̀wé ń kọ ọ́, kò gbójú sókè mọ́. Saadat wá bi í bóyá ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ sí i pẹ̀lú rẹ̀.

Ìbéèrè tí Gideon ti ń retí nìyí. Bí kò bá pín ògo náà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, ta ni yóò bá a du àga? Ó na ọwọ́ yí gbogbo gbọ̀ngán ká, ó ní kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ nínú wọn. Òun nìkan ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọlọ́pàá kan kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó dì í mú lápá. Gideon rò pé wọ́n fẹ́ mú òun lọ jókòó lórí pèpéle pẹ̀lú àwọn àlejò. Ó juwọ́ sí àwọn èèyàn. Nígbà tó rí i pé wọ́n ti kọjá pèpéle, tí wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó rọra sọ sí ọlọ́pàá létí pé ẹ̀yìn ni àwọn àga wà. Ọlọ́pàá ní kó má ṣèyọnu, àga wà níbi tí àwọn ń lọ náà.

Saadat dìde. Yorùbá ló fi sọ ọ́ kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Ẹ̀yin ará Òsí, ẹ ṣeun. Ẹ ti mú kí iṣẹ́ wa fúyẹ́. Bàbá ti jẹ́wọ́ pé àwọn làwọn jí ajílẹ̀ yín. Wọ́n ní àwọn nìkan làwọn dá a ṣe, bòókẹ́lẹ́ sì làwọn ń gbà ṣe é."

Gbọ̀ngán hó. Ẹnì kan ní kí wọ́n de bàbá náà. Òmíràn ní òun ti ń fura sí kóòtù yẹn láti àárọ̀. Bọ́sẹ̀dé ni kò pariwo. Ó dìde láàárín àwọn obìnrin, ó wo Gideon, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

"Bàbá Favour," ló wí, "ṣé torí ẹ̀ lẹ ṣe ní ká pa ẹnu mọ́? Ẹ rí àgbàdo mi lójú ọ̀nà. Ẹ ń gba ibẹ̀ kọjá."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Gideon ju ọwọ́ ọlọ́pàá lọ, nítorí òótọ́ ni, ó ń gba ibẹ̀ kọjá. Ó fẹ́ sọ pé òun kò mú nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ni ẹnu rẹ̀ mọ̀. Ó rántí ọ̀rọ̀ kan tí ìtumọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí a kò lè tún ṣe. Ó ti rò ó nígbà náà pé ẹni tí kò ní àbùkù nìyẹn, ẹni tó pé tí kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ tún lára rẹ̀. Ó ké sí Saadat pé "incorrigible" ni òun. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàbá náà ní ìwà burúkú òun kò ní àtúnṣe.

"Bàbá, mo bẹ̀ yín," ni Saadat wí, "ẹ má sọ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Gbogbo èyí tí ẹ bá sọ, ẹ̀wọ̀n ló ń fi kún. Ẹ sọ ọ́ ní èdè tí ìyá yín fi bá yín sọ̀rọ̀."

Ọmọ́bọ́lá wá sọ̀rọ̀ láti ibi tó jókòó sí. Kò ké, kò sunkún.

"Bàbá Favour, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Ìtìjú kì í pa èèyàn."

Ẹ má rò pé ó yá Gideon lára. Ó dúró, ó gbé ọ̀rọ̀ náà sórí ìwọ̀n. Èwo ló sàn, kí wọ́n máa pe òun ní olè, tàbí kí wọ́n máa pe òun ní òpè? Òun mọ olè bíi mélòó kan tí ayé ń dọ̀bálẹ̀ fún. Òpè kan ṣoṣo kò sí tí òun mọ̀ tí ẹnikẹ́ni ń dọ̀bálẹ̀ fún. Ibi tó ń rò ó dé nìyẹn tí irin ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ fi kàn án lọ́rùn ọwọ́, ó tutù bí omi àmù. Gideon yan òpè.

Ó bọ́ sínú èdè Òsí pọ́ńbélé, èyí tí kò sọ ní gbangba láti ìgbà tó ti Ìlọrin dé. Ó ní òun kò mọ ohun tí "culpable" jẹ́. Ó ní òun rò pé oyè ni. Ó ní òun kì í gbọ́ ìtumọ̀ dé ìparí, pé òun kò di kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ mú rí láyé, wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kí òun gbálẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ tí òun ń ṣe fún ẹgbẹ́ kò ju ìwé kíkà lọ, àti pé nínú ìwé náà, ibi tó bá le, òun a máa fò ó.

Saadat bèèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo orí yíjú sí ibi tí Prosper jókòó sí. Àga ni wọ́n bá. Òun fúnra rẹ̀ ti wà lójú fèrèsé, ẹsẹ̀ kan nínú ilé, ẹsẹ̀ kan níta, àwọn obìnrin sì ti di ṣòkòtò rẹ̀ mú kí ọlọ́pàá kejì tó dé ibẹ̀. Kò pẹ́ tó fi sọ ibi tí àpò ajílẹ̀ wà: yàrá kan lẹ́yìn ilé àna rẹ̀ ní Èrúkù. Ó ti tà nínú wọn, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n rán ọkọ̀ lọ kó o lójú ẹsẹ̀.

Gideon rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tí wọ́n dè tún táì rẹ̀ so. Saadat ní kò tíì parí. Ìjẹ́wọ́ Bàbá ti wọ inú ìwé, kò sì ṣeé fi ẹnu lásán pa rẹ́. Àfi kí ẹlẹ́rìí jáde, kí wọ́n fi dá àwọn lójú pé lóòótọ́ ni bàbá yìí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ẹni bíi méjì tó.

Gbogbo gbọ̀ngán ló nawọ́.

Pásítọ̀ ìjọ wọn ló kọ́kọ́ jáde. Ó ní nígbà ìkórè tó kọjá, Gideon dúpẹ́ lọ́wọ́ òun níwájú gbogbo ìjọ, ó sì pe òun ní "voracious shepherd", èyí tí í ṣe olùṣọ́-àgùntàn oníwọra. Ó ní eegun ẹran wà lọ́wọ́ òun lásìkò náà, ńṣe ni òun rọra dá a padà sínú àwo. Sulaiman tó ń ta pákó tẹ̀ lé e. Ó ní nígbà tí bàbá òun kú, Gideon wá kí àwọn, ó di òun mú lọ́wọ́, omijé wà lójú rẹ̀, ó sì ní ikú náà "hilarious". Ó ní àbúrò òun tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ bá a jà. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ń wí. Akọ̀wé fi ìwé bo ẹnu rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́rìí ṣì ń tò lọ́wọ́. Ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan tó ń fa Gideon jáde kúrò nínú ẹ̀wọ̀n, ńṣe ló ń bọ́ aṣọ kan lára rẹ̀ bó ṣe ń fà á.

Wọ́n bi Ọmọ́bọ́lá náà. Ó ní òun kò ní ìtàn kankan láti sọ. "Láti ìgbà tí fóònù yẹn ti wọlé wa, èmi àti bàbá yìí ò gbọ́ra wa yé mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà fún mi."

Saadat yíjú sí Gideon. "Bàbá, ṣé òótọ́ ni wọ́n sọ?"

"Òótọ́ ni."

"Ẹ ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?"

Gideon wo ilẹ̀. "Èyí tí mo gbọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ tó nǹkan."

"Bàbá, akọ̀wé ń dúró."

"N ò gbọ́ ọ."

Ọlọ́pàá tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí ìlú ti pé jọ, àwọn àgbà ní kí wọ́n yan alága níbẹ̀ kí wọ́n tó túká. Wọ́n dárúkọ Bọ́sẹ̀dé, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ nawọ́. Gideon dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn nínú kóòtù rẹ̀, òógùn ti rin ín gbingbin. Òun náà nawọ́. Bọ́sẹ̀dé rí ọwọ́ náà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ilé, ó ní kí olúkúlùkù mú alùpùpù tàbí kẹ̀kẹ́ tó bá rí wá láàárọ̀ wá gba ajílẹ̀ tirẹ̀, nítorí òjò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó bèèrè bóyá Bàbá Favour ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ.

Gideon mi orí pé rárá.